Ògiri ni ibí yìí tẹ́lẹ̀

Mo rìn lórí BeltLine, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ní Atlanta, láti Piedmont Park dé Inman Park lónìí, mo sì rìn padà. Mo fọṣọ kí n tó jáde. Òjò ṣú, kò rọ̀. Ọjọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ bàbá kan ni kò kúrò létí mi. Ó jókòó níbi tí wọ́n ti ń yà wọ Historic Fourth Ward Park, ọmọdébìnrin kan di kẹ̀kẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá náà nawọ́ sí ojú ọ̀nà, ó ní, "Ògiri ni ibí yìí tẹ́lẹ̀." Kò fi nǹkan kan kún un. Ọmọ náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Mo mọ ohun tó ń wí. Ojú irin ló gba ibẹ̀ kọjá nígbà kan, àdúgbò kan lápá ìhín, òmíràn lápá ọ̀hún. Ọdún 1999 ni Ryan Gravel, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Georgia Tech, dábàá nínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ pé kí wọ́n so àwọn ojú irin àtijọ́ tó yí Atlanta ká pọ̀, nǹkan bí ibùsọ̀ 22. Ohun tó di BeltLine nìyẹn. Apá tí mo ń rìn yìí ṣí lọ́dún 2012. Kọnkéré tó tẹ́jú, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 14, mo mọ gbogbo kọ́nà rẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n ṣé inú bàbá yẹn dùn ni? Nígbà tí mo ń lọ, mo rò pé ìdùnnú ni: ògiri wó, ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀, ojú mi wà lára àwọn ilé gíga tuntun tó kọjú sí ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà sì yí padà nínú mi. Gravel fúnra rẹ̀ fi ìgbìmọ̀ BeltLine Partnership, àjọ tó ń ṣètìlẹ́yìn fún ọ̀nà yìí, sílẹ̀ lọ́dún 2016, torí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ pé àwọn tí owó wọn kò pọ̀ á ṣì rí ilé gbé nítòsí ọ̀nà náà. Bóyá ògiri yẹn ló ń dáàbò bo àwọn kan. Rárá, ìyẹn náà kọ́. Ta ni ògiri ń ṣe lóore? Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí, n ò ní purọ́.

Láti ọjọ́ Ajé ni ara mi kò ti balẹ̀. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń pè mí látẹ̀yìn pé apá òsì mi làwọn fẹ́ gbà kọjá, mo sì ń yà fún wọn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn nìkan ló sọ fún mi kí wọ́n tó ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi níbẹ̀, lójú ọ̀nà gbangba.

Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Bàbá náà ní "tẹ́lẹ̀". Ó fa ọ̀rọ̀ yẹn díẹ̀. Lọ́la, bí mo bá tún bá a níbẹ̀, màá kí i, màá sì jókòó tì í. Bóyá n ò tiẹ̀ ní béèrè. Ṣùgbọ́n bó ṣe tẹjú mọ́ ọmọ yẹn títí ó fi wọ àárín èrò lọ, tí kò tíì gbé ọwọ́ tó nà sílẹ̀...