Bí ìgò bá ní kò sí kòkòrò, ìgbà wo lẹ bù ú?

Nínú gbogbo ohun tí a ń yọ lára ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn fi tọrẹ, platelet, èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni bakitéríà rí bá ṣe jù. Kì í wọ fíríìjì. Ìwọ̀n 20 sí 24 °C là ń tọ́jú rẹ̀ sí, lórí ẹ̀rọ tó ń mì ín tọ̀sán-tòru, fún ọjọ́ 5 sí 7. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, oúnjẹ wà níbẹ̀, kí ni kòkòrò tún ń wá?

Awọ apá olùtọrẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wọlé. A ó fi oògùn apakòkòrò, chlorhexidine 2% tó wà nínú isopropyl alcohol 70%, fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, a ó jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tún fi ìka tẹ iṣan wò lẹ́yìn ìyẹn ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Bíi milílítà 30 àkọ́kọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ náà, inú àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ, torí abẹ́rẹ́ lè gé bíńtín awọ dání.

Síbẹ̀, díẹ̀ máa ń yọ́ wọlé, ó lè má ju mẹ́wàá lọ nínú àpò milílítà 250. Bí ẹ bá bu milílítà 8 sínú ìgò àyẹ̀wò, níbi tí kòkòrò ti lè dàgbà, lọ́jọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ má bu ẹyọ kan. Ìgò á ní kò sí nǹkan, kò sì parọ́: nínú ìgò, kò sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kó tó wákàtí 36, ó kéré tán, kí wọ́n ti bí sí i, ká tó bu milílítà 16: 8 sínú ìgò tó ní ọ́síjìn, 8 sínú èyí tí kò ní. Nínú ẹ̀rọ tó gbóná tó ara èèyàn, kòkòrò tó ń dàgbà á tú carbon dioxide jáde, ìdí ìgò á sì di yẹ́lò. Cutibacterium acnes, bakitéríà kan tó ń gbé lára awọ, ní tirẹ̀ ń fà bí ìgbín; nígbà tó bá fi máa hàn, wọ́n lè ti fa àpò náà sí aláìsàn lára. Bí ẹ̀rọ bá ké pé òun rí kòkòrò, ẹ pe wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró gbọ́ orúkọ kòkòrò. Ẹ wá àwọn àpò yòókù tó ti ara olùtọrẹ kan náà wá pẹ̀lú.

Ẹ̀jẹ̀ pupa inú fíríìjì kò bọ́ pátápátá, torí bakitéríà kan, Yersinia enterocolitica, ń dàgbà nínú òtútù. Ẹ gbé àpò sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ẹ̀jẹ̀ inú rọ́bà tó so mọ́ ọn. Bí ti inú rọ́bà bá pupa, tí ti inú àpò dúdú bí aró, kòkòrò ti lè jẹ ọ́síjìn ibẹ̀ tán. Ẹ má fà á sí ẹnikẹ́ni lára.