Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa títo amplifáyà nílé: ẹ wọn iná kí ẹ tó so sípíkà

Jíjó lẹ́ẹ̀dì (yíyọ́ lẹ́ẹ̀dì láti fi lẹ píìsì mọ́ bọ́ọ̀dù) kọ́ ló sábà máa ń ba amplifáyà jẹ́ mọ́ ẹni tó ń tò ó nílé lọ́wọ́. Bọ́ọ̀dù kíìtì inú ọ̀rá, tòun ti ìdì píìsì wẹ́wẹ́ rẹ̀, ẹni tó mọ áyọ̀n lò á tò ó tán láàárín ọ̀sán kan. Iná tí a fún un jẹ àti ibi tí a so ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (wáyà ilẹ̀) sí ni wàhálà ti ń wá, ibẹ̀ náà ni màá pẹ́ sí jù. Kíìtì tó ń lo TDA7294 tàbí LM3886, ìyẹn IC tó ń sọ ohùn di ńlá, ni mo ní lọ́kàn, nítorí wọ́n wọ́pọ̀, ohùn wọn sì mọ́ketekete.

Ẹ ka "100W" tí wọ́n kọ sára ọ̀rá sí ìpolówó ọjà. Tiransifọ́mà àti sípíkà ló ń sọ iye wáàtì tí ẹ máa rí. Ẹ mú tiransifọ́mà 18-0-18, ìyẹn fóòlùtì 18 lápá kọ̀ọ̀kan, wáyà òdo láàárín. Ẹ sọ 18 di púpọ̀ lọ́nà 1.414, ó di nǹkan bí 25.4. Ẹ yọ 0.7 tí dáyóòdù (píìsì tó ń sọ iná AC di DC) máa jẹ, ó ku bíi 24.7 fóòlùtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú sípíkà 8 óòmù, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 25 fún sípíkà kan. Tí sípíkà náà bá dáa, wáàtì 25 tó pálọ̀, ó tún ṣẹ́ kù.

Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn 24-0-24, torí pé ó máa ń fún bọ́ọ̀dù ní nǹkan bíi 33 fóòlùtì. Kò burú lórí ìwé. Ṣùgbọ́n iná tiwa níbí kì í dúró sójú kan. Tí iná bá gòkè dé 250 lóru, tí wọ́n sì wé tiransifọ́mà yẹn fún 220, 24 yẹn á ti di 27, bọ́ọ̀dù á sì máa gba nǹkan bíi 38. Nígbà tí orin ò bá tíì lọ, tiransifọ́mà kì í ru ẹrù kankan, ó tún máa ń lé sí i. 40 ni TDA7294 lè gbà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ò ní fi IC mi sí etí bèbè bẹ́ẹ̀. 18-0-18 tàbí 22-0-22 ni kí ẹ lò, kí ẹ sùn gbádùn.

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tó ń wé tiransifọ́mà, ì báà jẹ́ ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, ẹ sọ fún wọn pé 18-0-18, 5 áḿpù lẹ fẹ́, fún bọ́ọ̀dù méjì, ọ̀kan fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha ara wáyà tí wọ́n fẹ́ lò. Tó bá pọ́n nínú bó ṣe pọ́n lóde, kọ́pà ni. Tó bá funfun lábẹ́ ọ̀dà, aluminiọ́mù ni, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbé mítà lọ́wọ́ lọ gbà á, kí ẹ wọn apá méjèèjì sí wáyà àárín níbẹ̀.

Nípa jíjó lẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Áyọ̀n 40 tàbí 60 wáàtì, lẹ́ẹ̀dì 60/40 tó tín-ín-rín, ó tán. Ẹ má fi èyí tó ní ásíìdì, tí àwọn tó ń jó páìpù ń lò, kan bọ́ọ̀dù láéláé. Á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kúrú jù ni ká kọ́kọ́ jó: jọ́ḿpà, rẹsítọ̀, dáyóòdù, lẹ́yìn náà kàpásítọ̀ kéékèèké, kí a tó kan àwọn ńlá. Ẹ fi ẹnu áyọ̀n kan ẹsẹ̀ píìsì àti bọ́ọ̀dù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ẹ tó ki lẹ́ẹ̀dì bọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀dì tó jó mọ́ra dáadáa á dán, á sì rọra tẹ́ láti ara ẹsẹ̀ dé ilẹ̀ bọ́ọ̀dù. Èyí tí kò jó mọ́ra á ṣù rogodo bí omi orí ewé kókò: ó wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, kò dì mọ́ ọn. Irú rẹ̀ ló máa ń fa kí ohùn máa já, kí ó máa padà wá nígbà tí a bá gbá àpótí.

Kàpásítọ̀ fílítà, àwọn ńlá tó ń tọ́jú iná, ní ìlà tó ní àmì àyọkúrò lára. Ẹsẹ̀ tó wà lápá ìlà yẹn ni nẹ́gétíìfù. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá yí i sódì, á wú, á sì bẹ́ gbàmù.

IC ló kẹ́yìn, ẹ má sì tíì jó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ìdè dè é mọ́ heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò lára IC), kí ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú ihò bọ́ọ̀dù láìfa ara wọn, kí ẹ wá jó o. Irin ẹ̀yìn TDA7294 àti LM3886T, iná nẹ́gétíìfù ló wà lára rẹ̀. LM3886TF nìkan ni wọ́n fi rọ́bà bo ẹ̀yìn rẹ̀. Fún àwọn yòókù, ẹ fi máíkà (ewé tín-ín-rín tí iná kì í gbà kọjá) sí àárín, kí ẹ fi ìpara funfun tó ń gbé ooru kọjá pa ojú rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín, kí ẹ sì fi rọ́bà kékeré sí ọrùn ìdè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà kan irin ẹ̀yìn IC àti heatsink. Tó bá dún, máíkà ti ya nìyẹn tàbí ìdè ti kàn án. Ẹ tú u, kí ẹ tún un ṣe.

Wàyí o, títan iná. Ẹ wá gúlóòbù àtijọ́ onírun, èyí tó ń gbóná, 60 wáàtì, kí ẹ so ó sójú ọ̀nà wáyà láìfù tó ń lọ sí tiransifọ́mà. Gúlóòbù LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ tan tiransifọ́mà, dáyóòdù àti fílítà nìkan, bọ́ọ̀dù ò tíì sí níbẹ̀. Gúlóòbù á kọ mànà, á sì wálẹ̀. Ẹ wọn iná: nǹkan bíi +25 àti −25 sí àárín. Tí apá kan bá yàtọ̀ sí èkejì gan-an, ẹ wo wáyà àárín, ó ṣeé ṣe kó má kàn. Ẹ jó rẹsítọ̀ 2.2k, wáàtì 1, mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì fílítà kọ̀ọ̀kan. Tí fílítà bá jẹ́ 10,000µF, iná inú rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì tí ẹ bá pa á. Láìsí rẹsítọ̀ yẹn, ọwọ́ yín lè kan iná tí ẹ rò pé ó ti kú.

Ẹ wá so bọ́ọ̀dù, kí ẹ pa ẹnu ìwọlé ohùn pọ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, láìsí sípíkà. Tí gúlóòbù bá ń tàn rekete tí kò wálẹ̀, ẹ pa á kíá: bóyá fílítà yí sódì, bóyá IC kan heatsink, bóyá lẹ́ẹ̀dì so ẹsẹ̀ méjì pọ̀. Tó bá wálẹ̀, ẹ fi mítà sí DC, kí ẹ wọn ojú ibi tí sípíkà máa wọ̀. Kò gbọdọ̀ ju 50 mílífóòlùtì lọ. Tó bá ju 100, ẹ wá ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ fóòlùtì ogún, kọ́ìlì sípíkà á jóná kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn: mítà ni kó kọ́kọ́ kàn án, kí sípíkà tó kàn án. Kódà lẹ́yìn rẹ̀, sípíkà àlòkù ni kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́ dán an wò.

Tí gbogbo ìwọ̀n bá péye tí kò sì fọhùn, ẹ má sáré yọ IC. Ẹsẹ̀ 8 LM3886 ni mute, èyí tó ń pa ohùn mọ́. Tí nǹkan kan ò bá fà á lọ sí nẹ́gétíìfù nípasẹ̀ rẹsítọ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ 9 àti 10 ti TDA7294 gbọ́dọ̀ ju 3.5 fóòlùtì lọ kó tó lè kọrin. Tí IC bá sì ń gbóná láìsí orin, tí rẹsítọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu sípíkà ń rùn, ó ń mì fúnra rẹ̀ ni. Ẹ jó kàpásítọ̀ 100nF sí ìdí ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọ IC gan-an, kó má jìnnà sí i.

Ìró hùn-ùn ló kù. Wáyà àárín tiransifọ́mà gbọ́dọ̀ dé àárín fílítà méjèèjì. Ibẹ̀ ni kí ẹ mú ojú kan, kí ẹ́ẹ̀tì sípíkà, ẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀dù àti ẹ́ẹ̀tì àpótí wá bá a lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá to wọn mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, iná tí sípíkà ń lò á máa gba ọ̀nà ohùn kọjá, á sì máa hùn. Ẹ lo wáyà aláwọ̀n (èyí tí àwọ̀n irin bo inú rẹ̀) fún ìwọlé ohùn, ẹ so àwọ̀n rẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan ṣoṣo. Tó bá ń hùn nígbà tí a ò tíì fọwọ́ kan fọ́lúùmù, tó sì dákẹ́ tí a bá fọwọ́ kàn án, ẹ jó wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ara irin fọ́lúùmù. Fọ́lúùmù tí wọ́n kọ A50K sí lára ni kí ẹ ra. B50K máa ń pariwo kó tó yí dé ìdajì. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ tan ínfátà nìkan ló ń hùn, ẹ má tú amplifáyà. Iná ínfátà olówó pọ́ọ́kú ni kò mọ́.

Pákó dára fún àpótí, kápẹ́ńtà ò sì wọ́n ní Èkìtì, àmọ́ pákó kì í dá ariwo iná dúró. Ẹ fi ègékù páànù aluminiọ́mù tẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Fíúsì 1 áḿpù, irú tó ń rọra já, ni kó wà lójú láìfù, kó ṣáájú súwíìṣì. Ẹ jẹ́ kó kọrin fún wákàtí méjì kí ẹ tó kan ìdérí. Tí ọwọ́ yín ò bá lè dúró lórí heatsink fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ wá èyí tó tóbi sí i, kí ẹ sì lu ihò sísàlẹ̀ àti sókè àpótí kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá.