Irinwó Abọ́ Ìrẹsì fún Ọgọ́jọ Àlejò

Bí ènìyàn bá dárúkọ dátà ní Òṣogbo lónìí, èyí tí à ń rà sórí fóònù ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Dátà tí mo ní lọ́kàn ni ipasẹ̀ tí gbogbo wa ń fi sílẹ̀ nígbà tí a bá ń lo fóònù ọ̀hún: ohun tí a wá lórí Google, ìpolówó tí a dúró wò, wákàtí tí a kọ fọ́ọ̀mù, ìlú tí a wà nígbà náà. Bí irú ipasẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá kóra jọ rẹpẹtẹ, òun ni à ń pè ní dátà ńlá (big data). Ní ọdún 2001 ni Doug Laney, onímọ̀ nípa dátà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ohun mẹ́ta ló ń mú kí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ lásán tò lọ: ó pọ̀ jọjọ, ó ń ya wọlé láìdúró, oríṣiríṣi sì ni. Èmi tí mò ń fi ètò àpérò àti ìpàdé jẹun, ọ̀nà tó ná mi lówó ni mo gbà kọ́ bí a ṣe ń lò ó.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ṣètò àpérò ọlọ́jọ́ méjì fún àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti àwọn olùkọ́ wọn, ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Fìà. Ọ̀fẹ́ ni. A polówó rẹ̀ lórí Facebook, a fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí WhatsApp, nígbà tí ó sì fi máa ku ọ̀sẹ̀ kan, ènìyàn 412 ti forúkọ sílẹ̀. Mo pe Ìyá Alásè tí a jọ máa ń ṣiṣẹ́, mo ní kí wọ́n dáná fún 400 ènìyàn. Wọ́n bi mí pé, “Èló ni wọ́n san?” Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, orúkọ lo kà yẹn, o ò tíì ka èèyàn.” Mo fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ọ̀rọ̀ àgbà tí kò mọ bí ayé ṣe ń lọ. Nígbà tí aago mọ́kànlá lù lọ́jọ́ náà, nǹkan bí 160 ènìyàn ló wà lórí ìjókòó, àwọn kúlà ìrẹsì sì tò sẹ́yìn gbọ̀ngàn tí a kò tilẹ̀ ṣí ìdérí wọn. Àwọn aráa mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí àti àwọn awakọ̀ ìdíkọ̀ ló bá wa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbèsè rẹ̀ kò tètè kúrò lọ́rùn mi.

Ohun tí Ìyá Alásè mọ̀, dátà náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìnáwó rí mọ̀ pé ìwé ẹni tó ń ta aṣọ ẹbí ni alásè máa ń fẹ́ rí kí ó tó ra ìrẹsì. Ẹni tó ti sanwó aṣọ yóò wá. Ẹni tó gbà á láwìn, bóyá. Ẹni tó kàn ń sọ pé “mò ń bọ̀ o”, kí a má dáná dè é. Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú, ìka kan péré ni a fi ń tẹ̀ ẹ́.

Àbúrò mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ dátà bá mi jókòó lẹ́yìn náà. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú, ó gbé ìwé ẹnu ọ̀nà, níbi tí a kọ wákàtí tí oníkálukú wọlé sí, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà fóònù so méjèèjì pọ̀. Àpótí kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí kò pọn dandan kí ènìyàn kọ nǹkan sí, èyí tó bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lé lórí. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá ló kọ nǹkan síbẹ̀, kódà kí ó jẹ́ gbólóhùn kan. Àwọn tó tẹ fọ́ọ̀mù láàárín wákàtí tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, tí wọ́n sì fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, ni ìjókòó wọn ṣófo jù. Ìwé ẹnu ọ̀nà tún fi hàn pé ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wọlé láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí aago méjì, àti pé àwọn tó ti Ìbàdàn àti Ìlọrin wá kò padà wọlé mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni. Èmi tí mo ń gbé Òṣogbo, tí mò ń rí bí ọjà ṣe ń pa rọ́rọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kí Jímọ̀, kò yẹ kí ó jẹ́ kọ̀ǹpútà ni yóò rán mi létí.

Ṣùgbọ́n kí á má purọ́, orúkọ 412 kì í ṣe dátà ńlá. Ọwọ́ Google, Facebook àti àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ni dátà ńlá wà. Kí á yá tiwọn lò ni irú wa lè ṣe. Facebook, fún àpẹẹrẹ, yóò gba nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ, yóò sọ wọ́n di àmì tí a kò lè kà, bí ó bá sì dá ènìyàn 100 ó kéré tán mọ̀ nínú wọn láti orílẹ̀-èdè kan náà, yóò wá àwọn mìíràn tí ìṣe wọ́n jọ tiwọn láti polówó fún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni mo kó fún un, ó sì bá mi wá àwọn ènìyàn bíi tiwọn gan-an: àwọn tó fẹ́ràn fọ́ọ̀mù. Nígbà tó yá, mo kó kìkì àwọn tó jókòó sí gbọ̀ngàn fún un. Iye àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ já wálẹ̀ débi pé ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n àwọn tó wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Google Trends, ojú ìwé tí Google ti ń fi ìlà hàn wá bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kan sí láti ìgbà dé ìgbà, jẹ́ ọ̀fẹ́ ní tirẹ̀. Ẹ tẹ “Osun Osogbo” sí i, ẹ ó rí i pé ìlà náà ń sùn nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù, tí yóò sì dìde ní oṣù kẹjọ tí àwọn àlejò ń wá sí Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 2005. Bí àpérò rẹ kò bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọdún náà, má ṣe bá a du yàrá òtẹ́ẹ̀lì.

Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ń gba nọ́ńbà sọ ohun tí yóò fi ṣe fún ẹni tó ni ín. Nítorí náà, gbólóhùn kan wà lókè fọ́ọ̀mù mi báyìí tó ń ṣàlàyé èyí ní Yorùbá tó já gaara. Ẹnì kan tó ń yá ènìyàn lówó ti fi owó lọ̀ mí rí pé kí n ta àkójọ nọ́ńbà àwọn olùkọ́ fún òun. Mo ní ó tì. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn kò kọ nọ́ńbà wọn fún ẹ̀yáwó.

Àpérò wa tó ń bọ̀ yóò wáyé ní ọjọ́rú àti ọjọ́bọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni oníkálukú yóò fi sílẹ̀, a ó sì dá a padà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ṣe ìṣirò mi, mo sì ti pe Ìyá Alásè pé 230 ènìyàn ni kí wọ́n dáná fún. Wọ́n kọ 250 sínú ìwé tiwọn. Mo bi wọ́n pé ta ni ogún tó lé ọ̀hún. Wọ́n ní, “Mo-gbọ́-mo-yà ni. Ṣé àwọn náà kọ fọ́ọ̀mù ni?”