Ọjà Tí Ọmọ Mi Pa Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ẹ bá mi gbé Jésù ga!

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni mo wá dá. Àwọn tó rí mi lórí ọ̀pá méjì lọ́dún tó kọjá mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí mo fi ń jó yìí, ẹsẹ̀ àánú ni.

Ọdún kẹta mi nínú ẹ̀kọ́ NCE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ni, lẹ́ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré. Mo ti lé lógójì ọdún, mo ti bímọ mẹ́ta. Àwọn kan ń bi mí pé ṣé èèyàn tún ní láti lọ kàwé kó tó lè kọ́ ọmọdé ní A, B, D. Kí n má parọ́ nílé Ọlọ́run, èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Pankẹ́rẹ́ ni mo mú lọ síbi TP, ìyẹn ilé-ìwé tí wọ́n ní ká ti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kadà tó gbé mi já sí kòtò lọ́nà Mọ́níyà. Itan mi ṣẹ́.

Owó ilé-ìwé di owó iṣẹ́ abẹ. Ọlọ́run ló lo ẹgbẹ́ èésú mi: wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kó, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èmi ló kàn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀.

Ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti sọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi di ọjà. Ó bu erùpẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó ní gàrí ni. Ìdérí ìgò mínírà la fi ń náwó. Agolo kan, ìdérí méjì. Mo ra agolo méjì, mo fún un ní ìdérí márùn-ún. Ó ní, “Màmá, ẹ gba ṣéńjì yín, ó ṣẹ́ kù kan.”

Ta ló nà án kó tó mọ̀ ọ́n? Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún wa ní kíláàsì nípa eré ọmọdé, tí mo kàn há sórí nítorí ìdánwò, ọjọ́ náà ló tó yé mi. Yorùbá ló sì fi ṣírò rẹ̀. Ká ní mo ní kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni, ì bá dákẹ́, n bá sì pè é ní olódo. Mo wá rántí ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù, wọn ò sì tìtorí ẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Mo tún TP mi ṣe, mo gbé ọ̀pá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, mo yege! Pankẹ́rẹ́ ti di igi ìdáná. (Ọkọ mi ní ṣé tilé náà wà níbẹ̀. Mo ní à ń gbàdúrà sí i.)

Ó ku ìwé àṣẹ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ṣí jẹ́lé-ó-sinmi sẹ́bàá ọjà wa, fún ọmọ àwọn ìyá tó ń so ọmọ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà sá sójú títì. Ọmọ méjìlá péré, iye tí ojú mi lè ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní agolo mílíìkì nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kó o wá fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.