Omi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ọ́kíìdì mi

Àbúrò mi ló gbé ọ́kíìdì náà, irú òdòdó kan tí òyìnbó ń pè ní orchid, wá láti Èkó nígbà tí mo pé ẹni 50 ọdún. Òdòdó méje ló wà lórí ẹ̀ka tín-ín-rín kan, wọ́n tò bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà. Nígbà tó di nǹkan bí oṣù méjì, òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í re lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó ń kú lọ. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: á tanná, á re, á sinmi.

Mo bá tú u kúrò nínú ike rẹ̀, mo gbìn ín sínú ìkòkò ńlá tó kún fún ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìẹ. Ṣebí inú irú rẹ̀ náà ni efinrin mi ti ń ṣe dáadáa? Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé rẹ̀ ti hunjọ, ti ìsàlẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo tún fi omi kún omi.

Bàbá kan tó fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ ọgbà ń gbé nítòsí wa ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Wọ́n yà wá kí wa, wọ́n ki ìka bọ ilẹ̀dú náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, omi lẹ fi ń pa nǹkan yìí o."

"Bàbá, ṣé ẹ ò rí bí ewé rẹ̀ ṣe gbẹ ni?"

"Gbòǹgbò tó yẹ kó gbé omi dé ewé ló ti rà."

Ara igi ni irú ọ́kíìdì yìí ń gbé nínú igbó lọ́hùn-ún, ní Philippines àti Indonesia. Òjò á pa gbòǹgbò rẹ̀, atẹ́gùn á sì fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹ má fi wé àfòmọ́ o. Àfòmọ́ ń mu nínú oje igi, ṣùgbọ́n ọ́kíìdì kàn rọ̀ mọ́ igi lásán ni.

A fa á yọ, a ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Bàbá ní kí n fi ìka méjì tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yè le, ó funfun. Èyí tó ti rà rọ̀ bí ẹ̀wà tó jinná jù. Bí mo ṣe fà á, èèpo rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ku fọ́nrán bí òwú. Mẹ́rin péré ló yè. Mo ti ẹnu àlùmọ́gàjí bọ iná kí n tó gé ìyókù, mo sì fi í sílẹ̀ lábẹ́ ibòji di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ.

Èédú tí mo fọ́ wẹ́wẹ́ tí mo ṣan eruku rẹ̀ kúrò, èèpo igi láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Bódìjà, àti èèpo àgbọn tí mo rẹ sómi fún ọjọ́ méjì, ni mo pò pọ̀. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ike kékeré tó mọ́ gaara, tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ láti ìta, ni mo kó o sí, mo fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí i nídìí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má lo èyí tó tóbi o. Kó ṣáà gba gbòǹgbò ni.

Ike tó mọ́ gaara yìí ló gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Bí gbòǹgbò bá ń dán bíi fàdákà, ó ti gbẹ nìyẹn, mo bomi rin ín, kí ó jò tán. Bó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, mo kọjá lọ. Lásìkò òjò, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà ọyẹ́, kì í tó bẹ́ẹ̀. Omi ò gbọdọ̀ dúró sí àárín ewé, ibẹ̀ tètè ń rà. Ojú fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń kàn ló wà; oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn á jó ewé rẹ̀.

Ewé tó ti hun ò nà mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, nǹkan kan yọ orí aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo pariwo pé òdòdó ti dé, mo sáré lọ pe Bàbá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Gbòǹgbò ni o, Ìyá Ìbejì. Ẹ fọwọ́ wọ́nú ná."