Òkú bọ́ọ̀dù ń dí alààyè lọ́nà: sátẹ́láìtì orí tábìlì mi

Férémù sátẹ́láìtì kékeré tí mò ń kọ́ ti parí. Bọ́ọ̀dù ti tò lé ara wọn, bátìrì 18650 wà nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ wọ inú 1U, ìyẹn ìwọ̀n CubeSat (sátẹ́láìtì kékeré bí àpótí) kan, sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́nà gbogbo bí Twiggs àti Puig-Suari, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà tó dá a sílẹ̀, ṣe là á sílẹ̀ ní 1999. Header (ìsopọ̀ onípíìnì) ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń gba àárín bọ́ọ̀dù kọjá ló fẹ́ pa mí, ẹni tó ń ta pátì fún mi kó ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wá, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan náà kẹ̀!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun tí mò ń wá ni kéèyàn lè yọ bọ́ọ̀dù kámẹ́rà kó fi ti LoRa (rédíò tó ń ránṣẹ́ lọ jìnnà pẹ̀lú iná díẹ̀) tàbí ti sẹ́ńsọ̀ síbẹ̀, kí àwọn tó kù máa báṣẹ́ lọ. Ti EduSat-1, sátẹ́láìtì tí àwọn ará FUTA (yunifásítì ní Àkúrẹ́) bá Kyutech (yunifásítì ní Japan) kọ́, tó gòkè ní 2017, orílẹ̀-èdè márùn-ún ló lo àwòrán ìkọ́lé kan náà, ìyẹn máa ń wù mí. Bọ́ọ̀dù iná sì gbọ́dọ̀ lè pa bọ́ọ̀dù tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́, torí iná tí páńẹ́ẹ̀lì oòrùn máa mú wá lára àpótí kékeré báyìí, bíi wátì méjì lásán ni.

Lálẹ́ àná mo pa kámẹ́rà, ni gbogbo I2C, ọ̀nà oníwáyà méjì tí àwọn bọ́ọ̀dù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, bá dákẹ́. Bátìrì ò fèsì, sẹ́ńsọ̀ ìgbóná ò fèsì. Mo tan kámẹ́rà padà, gbogbo wọn jí. Mo kọ́kọ́ fura sí àdírẹ́ẹ̀sì, torí INA219 (chip tó ń wọn iná) méjì ló wà níbẹ̀, 0x40 làwọn méjèèjì máa ń jẹ́ téèyàn ò bá sódà ibi tó yẹ, àmọ́ mo ti yí ọ̀kan sí 0x41 tipẹ́. Mo wá gbé mítà lé SDA, wáyà tí ọ̀rọ̀ ń gbà lórí I2C, kò tó fóòtì kan níbi tó yẹ kó jẹ́ 3.3! Mo tún wọn ọ̀nà iná kámẹ́rà tí mo ti pa, iná díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àṣé iná ń gba resistor tó ń fa SDA sókè, ó ń ti ẹsẹ̀ chip wọlé, ó ń gba inú diode (ilẹ̀kùn iná ọlọ́nà kan) tó yẹ kó dáàbò bò ó bọ́ sínú bọ́ọ̀dù tó ti kú. Bí ayálégbé tó ti kó jáde tó ṣì ń fa iná lára mítà yín.

Mo ki TCA9548A, chip tó ń pín I2C sí ọ̀nà mẹ́jọ tó ṣeé tì lọ́kọ̀ọ̀kan, bọ̀ ọ́, tí mo bá fẹ́ pa bọ́ọ̀dù kan mo máa kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ o, inú mi dùn gan-an.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tẹ èyí lọ́wọ́ ni ọkàn mi ń kúrò lórí ẹ̀. Tí chip yẹn fúnra ẹ̀ bá kú, ta ló máa ṣílẹ̀kùn? Gbogbo ẹ̀ gbé nìyẹn. CAN, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nínú mọ́tò, ni mo ń lọ báyìí jàre. Wáyà méjì, resistor 120 ohm kan ní ìparí ọ̀nà méjèèjì, ESP32 (chip kọ̀ǹpútà kékeré) sì ti ní CAN nínú, àwọn tó ṣe é ló ń pè é ní TWAI, SN65HVD230, chip tó ń so ó mọ́ wáyà CAN, nìkan ló kù tí màá fi kún un, bọ́ọ̀dù tó bá sì kú ò ní fa ọ̀nà lulẹ̀. Ó máa jẹ iná ju I2C lọ lóòótọ́, màá wá nǹkan ṣe sí i.

TCA9548A ò ní ṣòfò ṣá, màá gbé e sínú bọ́ọ̀dù sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó bá ní SN65HVD230 nílẹ̀ ní Àkúrẹ́ kó jọ̀ọ́ pariwo, tèmi ṣì wà lọ́nà.