Wọn kò fẹ́ lóṣòó wo abẹ́ ọkọ̀ mi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, nígbà tí kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé dáadáa, awakọ̀ mi pè mí láti ẹ̀yìn Ọ̀ṣú, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ó ní, "Màmá, ọkọ̀ ti fì sí apá kan o, bẹ́ẹ̀ táyà kò sì bẹ́." Mo gun ọ̀kadà lọ bá a. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò tíì pé oṣù méje tí mo rà á ní tuntun, tí n kò tíì ya ọ̀rá kúrò lára ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ni mo bá tí ó rọ̀gbọ̀kú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àpò kòkó 72 ni ó wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn sì ti ń yọ́ lọ sí ọwọ́ òsì, tí ó jẹ́ pé okùn nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n dà sílẹ̀.

Iṣẹ́ kòkó ni mo ń ṣe ní Iléṣà. Mo ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìwárájà, Ifẹ̀wàrà àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, mo ń kó o jọ sí ilé ìkẹ́rùsí mi títí yóò fi gbẹ dé ojú àmì, lẹ́yìn náà ni mo ń gbé e lọ sí Ìbàdàn fún àwọn tí ń fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòpin sí àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ní 1986, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ ni èrè iṣẹ́ yìí ń dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, onílọ́rì ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ fún onílọ́rì. Nígbà tí mo wá yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tí mo fi èyí tí mo ti tọ́jú kún un, mo pinnu pé n kò ní ra tòkúnbọ̀, nítorí pé mo ti rí ohun tí tòkúnbọ̀ fi ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí. Mo lọ sí ilé ìtajà ọkọ̀ kan ní Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní dárúkọ irú ọkọ̀ náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa kò tíì parí.

Lọ́jọ́ tí mo lọ rà á, wọ́n gbé omi tútù fún mi, wọ́n sì fẹ́ àga kí n tó jókòó. Ọmọkùnrin tí ó ń mú mi kiri bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, "Mọ́mì, Dádì ńkọ́? Ṣé wọ́n máa wá wo ọkọ̀ fúnra wọn?" Mo ní èmi ni Dádì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí bóńẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹ́ńjìnnì hàn mí, ó tan iná, ó fọn fèrè, ó sì ka ìwé wáráńtì sí mi létí: ọdún 1 tàbí 30,000 kìlómítà, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Èmi náà jẹ̀bi ní ibì kan. Léèsì ni mo wọ̀ lọ, n kò sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Tí ó bá jẹ́ kòkó ni mo fẹ́ rà, n bá ti ki ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́, nítorí mo mọ̀ pé èyí tí ó dára jù ni wọ́n máa ń dà sójú.

Òjò oṣù kẹfà ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí. Omi ń wọlé sórí ẹsẹ̀ awakọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. A wò ó fínnífínní, a sì rí i pé rọ́bà tí ó yí ilẹ̀kùn ká kò gùn tó, wọ́n fa á títí kò fi lè dé igun mọ́, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ èérún rọ́bà mìíràn tí ó tó ìka méjì gígùn mọ́ ọn láti fi dí àlàfo. Lẹ́yìn èyí ni ìdè dígí ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, ọ̀dà abẹ́ ibi tí à ń kó ẹrù sí ti wú léléélé bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, omi pupa sì ṣàn jáde sí mi lọ́wọ́. Irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún.

Mo pe ilé ìtajà náà lórí gbogbo èyí. Obìnrin tí ó gbé fóònù ní kí n máa fi ọkàn balẹ̀, pé òun yóò gbé mi fún àwọn ẹ̀ka àtúnṣe. Àwọn ẹ̀ka àtúnṣe ní ọ̀rọ̀ ọ̀dà kì í ṣe ti àwọn, àwọn tí ń ta ohun èlò ni kí n bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí ń ta ohun èlò ní rọ́bà ilẹ̀kùn kò sí nílẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn tilẹ̀ sọ fún mi pé òjò ọ̀dọ̀ wa ni ó pọ̀ jù.

N kì í ṣe ara àwọn tí ń sọ pé kò sí ohun tí ó dára mọ́ láyé. Bàbá mi lo lọ́rì Leyland tí wọ́n tò ní Ìbàdàn, mo sì mọ iye ọjọ́ tí ó fi sùn sójú ọ̀nà nítorí rẹ̀. Àwọn lọ́rì Mercedes 911 tí wọ́n tò ní Enugu nígbà kan rí, tí a ṣì ń rí tí wọ́n ń gbé pákó kọjá níbí, ń ru èéfín, wọ́n ń pariwo, ìjókòó wọn sì ń dá ẹ̀yìn ènìyàn lóró. Ṣùgbọ́n ẹ lóṣòó sí abẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní ọjọ́ kan, kí ẹ wo bí ṣáàsì rẹ̀, egungun irin tí ó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ti nípọn tó àti bí wọ́n ti fi rífẹ́ẹ̀tì kan àwọn irin rẹ̀ pọ̀ níbi tí ìnira bá pọ̀ sí. Àwọn tí wọ́n ṣe é ti rò ó pé ẹrù ni yóò máa rù. Lójú tèmi, àwọn tí wọ́n ṣe ọkọ̀ mi rò ó pé gbọ̀ngàn ìtajà ni yóò máa dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ọ̀ṣú. A já kòkó sórí ọkọ̀ mìíràn ní alẹ́ ọjọ́ náà, a sì fi òkúta àti igi gbé ọkọ̀ náà dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Wẹ́dà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ní Iléṣà ni mo mú lọ, ẹni tí ó ti ń jó irin lọ́rì láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì pè mí wá. Irin tí sípíríǹgì ẹ̀yìn òsì fi rọ̀ mọ́ ṣáàsì ti já kúrò níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ ọn. Ó fi ìṣó ha ojú ìjórin náà. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, irin àti irin ti yọ́ pọ̀ bí ó ti yẹ. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó mọ́lẹ̀ rekete, a sì ń rí ọ̀dà dúdú lábẹ́ ìjórin, èyí tí ó túmọ̀ sí pé orí ọ̀dà ni ẹni tí ó jó o ti gbé iná kọjá. Bàbá wẹ́dà ní, "Ó sùn lórí irin, kò wọnú irin." Ó ṣàlàyé fún mi pé tí ènìyàn bá ń jó irin méjì pọ̀, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ yọ́ kí wọ́n tó lè di ọ̀kan, pé ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ìwúwo ẹrù ń gbà kọjá sí sípíríǹgì, àti pé kòtò kọ̀ọ̀kan tí a bá já sí dà bí ẹni pé wọ́n gbá a ní òòlù. Ó ní yàtọ̀ sí ti ìjórin, irin náà kò yẹ kí ó ti dógùn-ún tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èèpo dúdú tí irin máa ń gbé bọ̀ láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, wọn kò ha á, wọn kò sì kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i kí wọ́n tó kun èyí tí ń dán.

Ó yí sí apá ọ̀tún. Ìlà tín-ínrín kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í là níbẹ̀ náà.

Mo ní kí ó jó o kí n lè rí ọkọ̀ lò, ó kọ̀. Ó ní, "Màmá, tí mo bá fi iná kàn án, wọ́n á ní èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gbà mí.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ilé ìtajà. Èsì tí ó kọ́kọ́ wá ni pé mo ti kó ẹrù jù. Bí ó bá jẹ́ pé iyanrìn tàbí pákó ni mo ń rù, ọ̀rọ̀ ì bá le fún mi láti já ní koro, ṣùgbọ́n kòkó kì í gun ọkọ̀ láì kọ́kọ́ gun ìwọ̀n. Àpò kan jẹ́ kìlógíráàmù 62.5, àpò 16 sì ni tọ́ọ̀nù kan. Àpò 72 jẹ́ kìlógíráàmù 4,500. Ohun tí wọ́n kọ sára irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ pé ó lè rù ni kìlógíráàmù 5,000. Mo fi ìwé ìwọ̀n oṣù mẹ́fà ránṣẹ́ sí wọn, kò sí ọ̀kan tí ó kọjá rẹ̀. Wọ́n fi ẹrù sílẹ̀, wọ́n mú ọ̀nà: wọ́n ní ọ̀nà wa kò dára. Òótọ́ ni, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà kò dára, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti ta ọkọ̀ náà fún mi, wọ́n sì mọ ibi tí mo ń gbé e lọ. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n gbé e wá, èyí tí ó jẹ́ pé èmi ni mo san owó ọkọ̀ tí ó wọ́ ọ ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó fi wà nínú ọgbà wọn, ní ojú kòkó gan-an, tí mo tún padà di ẹni tí ń háyà lọ́rì. Awakọ̀ mi, tí ó bá ọkọ̀ náà lọ, sọ fún mi pé ọjọ́ tí ó dé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìwé àyẹ̀wò, "ẹrù àpọ̀jù" ni wọ́n sì kọ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì fi jáàkì gbé e. Èyí ni ó dùn mí jù. Irin lè já. Ènìyàn ni ó ṣe é, ó sì lè ti rẹ ẹni náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kọ ẹ̀bi sí oníbàárà lọ́rùn láì bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe àárẹ̀ ni ó fà á. Òfin ìdíje ọjà àti ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, sọ pé ọjà tí a rà gbọ́dọ̀ dára, kí ó máa ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, kí ó má ní àbùkù, kí ó sì tọ́jọ́ dé ìwọ̀n. Mo tẹ ibi tí ó wà nínú òfin náà jáde sórí ìwé, mo sì mú ọ̀nà Ìbàdàn pọ̀n.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n bá padà wá gba owó, wọn kì í jókòó, wọn kì í sì í dúró. Ojú ọ̀nà onígbèsè ni wọ́n máa ń lóṣòó sí títí yóò fi san án, ibẹ̀ ni orúkọ náà sì ti wá. Àwọn kan ṣì ń fi bú wa títí di òní. Lọ́jọ́ náà, mo kọ àga tí wọ́n gbé fún mi. Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá ẹ̀ka àtúnṣe wá bá mi nínú ọgbà. Ó wá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ẹrù. Mo lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi níbí." Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì lóṣòó. Mo fún un ní tọ́ọ̀ṣì àti ìṣó. Ó ha ojú ìjórin náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ha, kò sọ nǹkan kan. Láì jẹ́ pé mo sọ fún un, ó yí lọ sí apá ọ̀tún, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú."

Wọ́n ti pààrọ̀ irin méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi rọ́bà ilẹ̀kùn tuntun kún un. Wọ́n ní wáráńtì kò kan ọ̀dà. Ní ti owó tí mo fi wọ́ ọkọ̀ àti èyí tí mo fi háyà lọ́rì, wọn kò dáhùn, mo sì ti kọ̀wé sí àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà lórí rẹ̀. Oṣù kìíní ni ọkọ̀ padà dé Iléṣà, nígbà tí kòkó ti ń parí lọ. Mo tún pe bàbá wẹ́dà kí ó yẹ gbogbo ojú ìjórin wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Méje ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Mo ti fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà, ó ní òun yóò rán ènìyàn wá. Oṣù kẹrin ni wáráńtì yóò pé ọdún kan, nítorí náà mo ti sọ fún awakọ̀ mi pé kí ó fọ ara ọkọ̀ bí ó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe da omi sí abẹ́ rẹ̀, kí ṣọ́ọ̀kì náà lè wà níbẹ̀ títí ẹni tí wọ́n fẹ́ rán yóò fi dé.